Orin Tí Táńkà Òfìfo Ń Kọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dìde ná. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí èèyàn wà ní ìjókòó bí wọ́n bá ń dárúkọ òun. Òótọ́ ni pé wọ́n ti gba àga nídìí rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé e tán, èmi kọ́ ni n óò sì là á yé e.

Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ omi ni. Nígbà tó wà lórí àlééfà, kò sí yàrá tó máa wọ̀ tí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ṣáájú rẹ̀ wọlé, kó ní, "Ẹ dìde." Gbogbo wọn á sì dìde. Àwọn akọ̀wé ń dìde, àwọn àlejò ń dìde, kódà ẹni tó wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń dìde bó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ẹ-Dìde. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbà pẹ̀lú ọ̀gá kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ tán, òun là ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà.

Bí àwọn èèyàn bá ń béèrè omi, ọ̀rọ̀ ni Ọ̀gá Ẹ-Dìde ń fún wọn. "Omi kì í ṣe ohun tí à ń mu lásán," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn, tí yóò na ọwọ́ kan sókè. "Omi jẹ́ ìrònú. Omi jẹ́ ìṣọ̀kan. Ẹni tí omi kò bá yọ nílé rẹ̀, kó lọ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun wà ní ìṣọ̀kan." Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á yọ áńkáṣíìfù, á nu ojú. Omijé yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ náà pèsè lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dun jù kì í ṣe ọ̀gá. Ọkùnrin olórin kan ni, tí wọ́n ń pè ní Olóhùn-Oyin.

Olóhùn-Oyin ló ń ronú orin rẹ̀ fúnra rẹ̀, òun náà ló ń ta gìtá sí i. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, yàrá kan ni wọ́n ń gbé, àga kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, èyí tí ìyàwó fi ń jókòó ránṣọ. Bí iṣẹ́ bá tán, àwọn méjèèjì á jọ há ara wọn mọ́ orí àga yẹn. Ibẹ̀ lolórin jókòó sí tó fi ronú orin kan fún un, tó ní:

"Jókòó tì mí, olólùfẹ́,
àga kan la ní, ó tó wa."

Orin yẹn ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá. Kò sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí wọn kì í ti í gbọ́ ọ, kò sí ìgbéyàwó tí wọn kì í fi jó. Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga máa ń sọ pé orin tí ìyá òun àgbà lè kọ tẹ̀lé kò lè jẹ́ orin gidi. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní ó dùn jù, pé ó ń dun àwọn ní eyín bíi tíì tí wọ́n da ṣúgà kún. Irú ìkórìíra bẹ́ẹ̀ kì í pa èèyàn. Wọ́n ń gbé e wọ̀ bí aṣọ ni, kí aráyé lè rí i pé àwọn kì í bá gbogbo èrò ṣe pọ̀. Olùkọ́ yẹn gan-an, ìyàwó rẹ̀ ti ká a mọ́ balùwẹ̀ níbi tó ti ń fi ọṣẹ para tó ń kọ "àga kan la ní." Olóhùn-Oyin máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

Ibi ìgbéyàwó ọmọ Ọ̀gá Ẹ-Dìde ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ títí níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ti fi ọwọ́ bo ẹnu yán dáadáa. Bí ó ṣe jókòó báyìí ni wọ́n gbé orin Olóhùn-Oyin sí i. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà dìde, àwọn tó ń jẹun dìde, ìyàwó ọ̀gá fúnra rẹ̀ dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jùdí.

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló ní kí wọ́n dìde?"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ní, "Kò sẹ́ni kankan, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí ọ̀gá gbádùn oúnjẹ mọ́. Òun tó jẹ́ pé ó ní láti rán ẹnìkan ṣáájú kí wọ́n tó dìde fún òun, olórin kan kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ tí wọ́n fi dìde fún ohùn rẹ̀. Ó jowú. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ránṣẹ́ pe Olóhùn-Oyin sí ọ́fíìsì.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," ó ní, "orin rẹ ti ń ṣe ọmọ òrukàn tipẹ́. Lónìí, ó rí bàbá. Láti òní lọ, orin rẹ di orin ilé iṣẹ́ omi, ìyẹn ni pé ó di orin mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ló dáhùn, kì í ṣe olórin.

Olóhùn-Oyin kò rí aburú kankan níbẹ̀. Wọ́n san owó tó dáa fún un, ó fi ra àga mìíràn, inú rẹ̀ sì dùn lọ sílé.

Ọ̀gá pàṣẹ. Kí wọ́n máa fi orin náà bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìpàdé, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì wà lórí ìdúró títí yóò fi parí. Ẹni tó bá tẹ ilé iṣẹ́ omi láago, orin náà ni kó máa gbọ́ títí ẹnìkan yóò fi dá a lóhùn. Kí wọ́n de sípíkà mọ́ orí gbogbo táńkà tó ń pín omi káàkiri àdúgbò, kó máa kọ ọ́ lọ kó máa kọ ọ́ bọ̀.

Lóòótọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó dáa níbẹ̀rẹ̀. Táńkà á yọ ní ìkòríta, orin á máa dún, àwọn èèyàn á gbé korobá àti kẹ́ẹ̀gì jáde, wọ́n á tò, wọ́n á máa jó díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba omi. Kò pẹ́ tó fi mọ́ wọn lára. Kí orin náà tó dé "olólùfẹ́," gbogbo àdúgbò ti wà lórí ìlà.

Ìgbà tó yá ni ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi bàjẹ́. Àwọn ẹnjiníà wá sọ ohun tí wọ́n nílò láti fi tún un ṣe. Ọ̀gá gbọ́ wọn tán, ó yí sí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà.

"Nígbà tí táńkà wa bá dé àdúgbò, kí ló ń mú àwọn èèyàn jáde? Ṣé omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí ni, àbí orin ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́?"

"Orin ni, sà."

"Ṣé omi ni wọ́n ń jó sí?"

"Orin ni, sà."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí táńkà máa lọ. Omi á bá wọn lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ìdùnnú kò gbọ́dọ̀ dúró."

Bó ṣe di pé táńkà òfìfo ń lọ káàkiri ìlú nìyẹn, tó ń kọrin ìfẹ́. Mi ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn awakọ̀ kò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń pọn omi mọ́. Láàárọ̀, wọ́n á tan ọkọ̀, wọ́n á tan orin, ó parí. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pa orin, wọ́n á pa ọkọ̀.

Àwọn èèyàn náà ò yé jáde. Ìrètí ò jẹ́ kí wọ́n jókòó, nítorí ta ló mọ̀, bóyá tòní ló máa ní omi nínú. Wọ́n á fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, wọ́n á wọ́ kẹ́ẹ̀gì dé títì, táńkà á rọra kọjá lójú wọn, á máa sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó ti òun.

Alágbàfọ̀ kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Olóhùn-Oyin. Aṣọ àwọn oníbàárà ti ga dé àjà lọ́dọ̀ rẹ̀. Olórin pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń wọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà sílé, ó kí i.

"Bọ̀dá olórin," alágbàfọ̀ ní, "mi ò bá yín jà o. Èèyàn dáadáa ni yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ ohùn yín, apá ló ń ro mí."

Onígbàjámọ̀ àdúgbò wọn ń pa rédíò bí orin náà bá ti dún. Níbi ìgbéyàwó kan, bí wọ́n ṣe fi orin náà sí i ni ìyá ìyàwó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi orin táńkà ba nǹkan ọmọ òun jẹ́. Olóhùn-Oyin bẹ̀rẹ̀ sí í fi fìlà bojú jáde. Kì í ṣe ti olùkọ́ tó ń kọrin ní balùwẹ̀ mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú ló kórìíra rẹ̀ báyìí, ìyẹn sì dùn ún wọra.

Ṣùgbọ́n èyí tó pa á jù ni ti ilé. Ó jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fọwọ́ kan okùn gìtá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ohùn bọ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ tó ń rán.

"Olórin, mo bẹ̀ ọ́. Kọ èyí tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má kọ ìyẹn nínú ilé yìí mọ́."

"Ìwọ ni mo kọ ọ́ fún."

"Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde nídìí máṣíìnì lónìí tìtorí rẹ̀. Mi ò rí omi, mi ò rí ìwọ náà."

Olórin kò sùn dáadáa lóru yẹn. Orin náà ló fi kẹ́ ìyàwó rẹ̀, orin náà ni wọ́n fi jọ la ebi kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú un lọ fún ẹni tó sọ ọ́ di fèrè táńkà. Ó pinnu pé òun á lọ gbà á padà.

Ọ̀gá Ẹ-Dìde gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. "O ní wọ́n kórìíra orin mi?"

"Orin mi, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́ lórí táńkà."

"Má fòyà. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìgbìmọ̀ ló yẹ ẹ́."

Ọjọ́ náà gan-an ló gbé e kalẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Ìgbìmọ̀ Olùwádìí Ìdí Tí Àwọn Aláìmoore Fi Ń Kórìíra Ohùn Tó Dùn. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni alága. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga yẹn wà níbẹ̀, obìnrin kan tó ń ta bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, onígbàjámọ̀ náà wà níbẹ̀. Olùkọ́ ní eyín olórin ló pọ̀ jù nínú fọ́tò. Oníbẹ́ẹ̀dì ní ọkọ òun àtijọ́ fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn sì tó fún òun. Ẹlòmíràn ní ó máa ń dijú kọrin bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ aládùúgbò, pé ẹni tí gbogbo èèyàn bá fẹ́ràn, nǹkan kan wà tó ń fi pamọ́. Onígbàjámọ̀ wá ní, "Àbí nítorí omi ni?" Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó gbé tíì wọlé.

Àbọ̀ ìgbìmọ̀ ni pé àwọn èèyàn kò tíì gbọ́ orin náà tó. Ọ̀gá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n fi kún ohùn sípíkà.

Olóhùn-Oyin tún padà lọ. Lọ́jọ́ yìí, ara ọ̀gá yá gágá, nítorí Mínísítà ń bọ̀ wá ṣí ẹ̀rọ omi tuntun kan níwájú ilé iṣẹ́, ó sì ti ta sí i létí pé bí ọjọ́ náà bá dùn, òun lè di igbákejì Mínísítà.

"Wá kọ ọ́ lọ́jọ́ náà," ọ̀gá ní. "Fi ẹnu ara rẹ kọ ọ́, kí gbogbo ìlú dìde fún mi níṣojú Mínísítà. Bí o bá ti kọ ọ́ tán, orin rẹ ti di tìẹ. Gbogbo táńkà ni n óò pa lẹ́nu mọ́. Mo fi ipò mi búra."

Olórin délé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà gé òwú kan dànù. "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, kọ ọ́. Gba nǹkan wa bọ̀ wálé."

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe tò ó. Ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́, nítorí náà wọ́n gbé táńkà kan pamọ́ sẹ́yìn ògiri, wọ́n fi rọ́bà gígùn so ó mọ́ ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí Mínísítà bá ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á ju áńkáṣíìfù, awakọ̀ á tú omi sílẹ̀. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ronú rẹ̀ nínú balùwẹ̀ ilé rẹ̀ lórí òkè, níbi tí omi kì í ti í dá, nítorí páìpù tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti aráàlú.

Ọjọ́ pé. Àga kún iwájú ilé iṣẹ́, èèyàn kún orí àga. Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó ní omi jẹ́ ìrònú. Ó ní omi jẹ́ ìṣọ̀kan. Ó ní bí omi bá lẹ́nu ni, orúkọ òun ni ì bá máa pè. Mínísítà, ọkùnrin kúkurú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá rí i, ó ṣẹ́jú sí olórin.

Olóhùn-Oyin ta gìtá. Ó dijú, ó rántí àga kan tó wà nínú yàrá kan, ó sì kọ ọ́ bí ìgbà tó kọ́kọ́ kọ ọ́.

"Jókòó tì mí..."

Gbogbo èrò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Ojú ọ̀gá dán, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Mínísítà pé kó wò ó. Lẹ́yìn náà ni oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó fa korobá tó gbé wá nítorí ẹ̀rọ tuntun yọ.

Wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ti mọ́ wọn lára ni. Wọ́n tò síwájú ẹ̀rọ wéréwéré, láìta ariwo, alágbàfọ̀ ló ṣáájú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì wà lórí ìlà, awakọ̀ ọ̀gá wà lórí ìlà.

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbà?" Mínísítà béèrè.

Alágbàfọ̀ ló dá a lóhùn. "Omi ni, sà. Orin yìí ni wọ́n fi ń pè wá."

"Ṣé omi sì máa ń wà?"

"Orin ló máa ń wà, sà."

Mínísítà yí sí ọ̀gá. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Mínísítà kàn ṣí ẹ̀rọ, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Mínísítà gé ríbọ́ọ̀nù, ó yí ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ju áńkáṣíìfù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi ro ti awakọ̀ yẹn. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọkùnrin yìí ti ń gbé táńkà jáde láàárọ̀ tó sì ń gbé e wọlé nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní kó gbé táńkà wá, ó gbé e wá. Wọ́n ní bó bá ti rí áńkáṣíìfù, kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé kó pọn omi sí i, kò sì wá sí òun náà lọ́kàn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn mọ́. Ó rí áńkáṣíìfù, ó ṣe ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ó tan sípíkà.

Ẹ̀rọ wúkọ́. Ó tu eruku díẹ̀ sí bàtà Mínísítà. Lẹ́yìn ògiri, ohùn Olóhùn-Oyin bú jáde, ó ń bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n jókòó ti òun.

Olórin dákẹ́. Ohùn rẹ̀ kò dákẹ́. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́, ó ń gbọ́ ara rẹ̀ bí aráàlú ṣe ń gbọ́ ọ, ojú sì tì í débi pé ó fẹ́ sá lọ. Alágbàfọ̀ yojú wo inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó wo olórin, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà á. Kó tó di pé ẹnìkan mọ̀, gbogbo ìlà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di korobá mú. Olórin náà rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tún na ọwọ́ kan sókè. "Ẹ̀yin aráàlú, omi kì í ṣe ohun tí à ń mu lásán..."

"Ọ̀gá," Mínísítà ní, ó ń gbọn eruku bàtà, "ẹ jókòó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ní.

Ọ̀gá jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò tíì dìde padà sí ipò kankan. Wọ́n fi obìnrin kan rọ́pò rẹ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá nídìí. Ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó tú sípíkà kúrò lórí táńkà, ó sì gé páìpù àdáni tó ń lọ sí orí òkè. Orin orí fóònù nìkan ló kù, nítorí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ ni Ọ̀gá Ẹ-Dìde ti lé kúrò níṣẹ́, pé kò tètè dìde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn Olóhùn-Oyin. Ọ̀gá Ẹ-Dìde ni, kò sẹ́ni tó ṣáájú rẹ̀. Olórin fún un ní àga.

"Ẹ̀gbọ́n olórin," ọ̀gá ní, bẹ́ẹ̀ ó fi ọdún púpọ̀ ju olórin lọ, "omi kò dé òkè wa dáadáa. Mo ń tẹ̀ wọ́n láago. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àga kan, àga kan, àga kan. Mo bẹ yín, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n yọ orin yẹn. Mi ò mọ ohun tí ẹ ṣe fún mi, ṣùgbọ́n mo kórìíra yín báyìí."

Olóhùn-Oyin wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe é díẹ̀, ẹ jẹ́ n má purọ́.

"Ẹ má fòyà, sà," ó ní. "Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìgbìmọ̀ ló yẹ ẹ́."

Nígbà tí àlejò ti lọ, ó gbọ́ omi tó ń dà sínú korobá ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ló kọ sí ọkọ rẹ̀, ó ń kùn orin kan sínú bí omi ṣe ń kún. Ó kùn ún dé "olólùfẹ́," ó kùn ún dé "ó tó wa," kò sì mọ̀ pé òun ń kọ ọ́. Olóhùn-Oyin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kò mira, kí obìnrin náà má bàa gbọ́ ọ kó dákẹ́.